Ṣíbí Méjìlá Ilé Màmá Zulema

Bí òjò bá kan ilẹ̀kùn Noemí Grinfeld, á kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an wá. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, gbogbo àdúgbò Villa Crespo ló sì gbà pé òótọ́ ni. Noemí ti lé díẹ̀ lọ́gọ́ta ọdún. Ó ń ta bọ́tìnnì, sípù àti òwú ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní òpópónà Camargo, ní Buenos Aires. Ọgbọ̀n ọdún ló ti lò lẹ́yìn káńtà yẹn, bí oníbàárà bá sì wọlé, ọwọ́ onítọ̀hún ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí aládùúgbò bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ọbẹ̀ adìẹ Noemí ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mọ́, á wá gba ìkòkò rẹ̀, á yí ìdérí rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn bóyá tirẹ̀ gan-an ni wọ́n dá padà. Ó jọ ìyá rẹ̀ ni. Màmá Zulema kò ra ẹyin kan rí láìgbé e sókè sójú oòrùn. Àti ìyá àti ọmọ, ìfura ni wọ́n fi ń mí.

Màmá Zulema ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó sì ń dá gbé ní àjà kẹta ilé kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí bàbá Noemí ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n gbé ìyá rẹ kúrò nílé rẹ̀." Noemí ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni ìlérí náà ti jókòó sí i láyà, pàápàá nígbà tí Màmá Zulema ṣubú nínú balùwẹ̀ lóṣù kẹta ọdún, tí itan rẹ̀ wú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn nínú ilé.

Odidi oṣù kan ni Noemí fi ń sá láti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé ìyá rẹ̀, láti ilé ìyá rẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Orí àga ló ń sùn. Ó rù, ojú rẹ̀ wọnú. Saúl, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ń gbé ní Haifa lókè òkun, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló sì ń pè láti fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn ṣeé fi wẹ arúgbó ni, ara Màmá Zulema ì bá mọ́ fóofo. Lọ́jọ́ tí Noemí sun oorun lójú oníbàárà, tó jí tó bá obìnrin náà tó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, ló tó gbà pé agbára òun kò ká a mọ́.

Àwọn Júù àdúgbò náà ní ọ́fíìsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sínágọ́gù tó ń ran àwọn àgbà wọn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn lọ́wọ́. Silvina Roitman ló ń bójú tó o, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Ó wá sílé Màmá Zulema, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ilé yìí, ṣé tiyín ni àbí ẹ háyà rẹ̀?"

Noemí gbé ife tíì tó fẹ́ gbé fún un padà sórí tábìlì. "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ká lè mọ ẹni tá a máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n Noemí."

"Hùn."

"Bí màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, tàbí tí nǹkan bá ń sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ tètè sọ fún mi. A ní dókítà. Ẹ̀yin náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn tó ń tọ́jú òbí wọn máa ń jókòó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ?"

Silvina rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Noemí fẹ́ mọ ohun tó kọ, àní ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já níbi tó ti ń yọjú. Màmá Zulema jókòó sórí àga rẹ̀, etí rẹ̀ kò sì di.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rán Eusebia Cáceres sí wọn. Ará Paraguay ni, obìnrin bí àádọ́ta ọdún, kì í ṣe Júù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé ó mọ òfin ilé ìdáná wọn ju Saúl lọ. Òwúrọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni yóò máa wá. Noemí ti dúró dè é nílé ìdáná bí olùkọ́ tó fẹ́ ṣèdánwò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣíbí. Ìyá Màmá Zulema ló gbé ṣíbí fàdákà méjìlá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Bessarabia, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá dáko ní abúlé àwọn Júù ní Entre Ríos. Méjìlá náà jọra wọn délẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, obìnrin náà pín wọn sí méjì, mẹ́fà fún wàrà, mẹ́fà fún ẹran, nítorí ohun tó bá ti kan wàrà nílé wọn kò gbọdọ̀ fojú kan ẹran mọ́. Ti wàrà ń gbé nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ti ẹran ń gbé nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ibùgbé wọn nìkan ni ènìyàn fi lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

"Ibo ni ti wàrà?" Noemí bi Eusebia.

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Sẹnyóra."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ̀yin náà ni, nísinsìnyí tí mo wọlé."

Màmá Zulema bú sẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n inú Noemí kò dùn sí i. Kí ni àlejò ń wá tó fi yára tó bẹ́ẹ̀ láti pa arúgbó lẹ́rìn-ín?

Ní oṣù karùn-ún, ṣíbí kan dàwátì. Noemí tú ilé ìdáná, ó tú abẹ́ àga, ó tú pàǹtírí pàápàá. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn tún lọ, ti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù lọ́tẹ̀ yìí. Ara fu ú gidigidi. Kò sọ nǹkan kan fún Eusebia, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó mú òwú funfun tín-ín-rín láti ṣọ́ọ̀bù, ó fi di ẹnu dúrọ́ọ̀ méjèèjì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó sì padà wá lọ́sàn-án láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òwú ti já! Inú rẹ̀ dùn bíi pé ó ti mú olè, kó tó rántí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè jẹun láìṣí dúrọ́ọ̀.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣíbí yín ń dín o. Ṣé ẹ mọ̀?"

Màmá Zulema kò gbójú sókè. "Ṣé èmi ni mò ń fọ abọ́ ni? Bi obìnrin yẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó Noemí. Òun tó máa ń wo ọwọ́ gbogbo ayé, kò wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó ká jọ sórí itan.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ìkòkò òdòdó mẹ́ta ló wà ní báákónì, òdòdó pupa tí Màmá Zulema fi ń yangàn fún àwọn ará ilé òdìkejì. Wọ́n ń rọ. Ewé wọn ti ń pọ́n, igi wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Omi lò ń dà sí i lápọ̀jù," Noemí sọ fún Eusebia.

"Ẹ má bínú, Sẹnyóra." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó ṣẹ́jú wo ìyá arúgbó, ìyá arúgbó náà sì wò ó padà, kíá, bí ọmọ iléèwé méjì. Noemí rí i. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná. Obìnrin yìí ti fa ìyá òun sọ́dọ̀ ara rẹ̀! Ṣíbí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ta ló mọ ìwé tí wọn yóò ní kó fọwọ́ sí lọ́la?

Nítorí èyí nìkan ló ṣe lọ sí ìjókòó ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ti ń kọ̀ láti lọ. Kò lọ sọ ẹ̀dùn ọkàn kankan, ó lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn yòókù lẹ́nu wò nípa Eusebia ni. Àwọn méje ló bá níbẹ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń jẹ kéèkì olómi oyin. Bàbá kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi ní mo jí bàtà òun," bàbá náà wí. "Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta la ti fẹ́ra wa. Ó ní kí n kó o jáde kí òun tó pe ọlọ́pàá. Kí ni màá fi bàtà obìnrin ṣe?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, lẹ́yìn náà ó yọ aṣọ ìnujú. Noemí jẹ kéèkì rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ohun tó ń rò ni pé bóyá bàbá náà jí bàtà ọ̀hún lóòótọ́.

Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹfà, ṣíbí márùn-ún ti lọ. Noemí pe Saúl, Saúl ní, "Ẹ lé e dànù! Kẹ́ ẹ sì wá ilé ìtọ́jú arúgbó tó dáa fún Màmá, ó ti tó gẹ́ẹ́." Noemí já fóònù mọ́ ọn létí. Ó wá pe Silvina, ó ní kó wá lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́wàá, òun ti mú olè.

Silvina wá. Màmá Zulema wà ní yàrá ìgbàlejò pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì dúró nílé ìdáná. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

"Eusebia," Silvina bẹ̀rẹ̀, "ṣé o mọ ibi tí àwọn ṣíbí yìí wà?"

"Mi ò jí nǹkan kan."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Eusebia wo apá yàrá ìgbàlejò. "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n má sọ, mi ò lè sọ ọ́."

"Wọ́n?" Noemí pariwo. "Ẹ gbọ́ bí? Wọ́n! Wọ́n pọ̀! Ẹgbẹ́ ni wọ́n! Tú báàgì rẹ ká rí i!"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n Noemí," Silvina wí, "a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí òṣìṣẹ́ wa."

Ṣùgbọ́n Eusebia fúnra rẹ̀ ti gbé báàgì náà, ó dà á sórí tábìlì. Igbá tíì mate rẹ̀ àti irin tó fi ń fà á mu jáde. Sálúbàtà ilé, ọsàn kan, ìyarun. Lẹ́yìn náà ni yípo òwú méjì yí gbirigbiri jáde, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Grinfeld sì wà lórí wọn.

"Òwú mi!" Noemí gbá a mú. "Ẹ rí i? Kò mọ sórí ṣíbí! Òwú ṣọ́ọ̀bù mi!"

"Ẹ̀yin lẹ tà á fún mi lọ́jọ́ Ajé, Sẹnyóra. Ẹ tiẹ̀ bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi rán."

Òótọ́ ni. Noemí rántí, ojú sì tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gun orí ìbínú débi tí kò rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀. "Ó dáa, kí lo wá fẹ́ fi rán?"

Omi lé ròrò sójú Eusebia, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Silvina pa ìwé rẹ̀ dé. "Bí ẹ bá ní kó máa lọ, á lọ lónìí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ tàn yín, mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè rán sí yín títí ìgbà òtútù yìí á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ò sì lè dá a ṣe, ẹ wo ara yín. Á jẹ́ pé ilé ìtọ́jú ni màmá máa lọ nìyẹn."

Noemí dúró, òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ lórí ibùsùn ikú padà wá sí i lọ́kàn. Ó fẹ́ sọ pé kí Eusebia máa lọ, ìlérí tó ṣe ńkọ́? Ó fẹ́ sọ pé kó dúró, báwo ni yóò ṣe ti olè mọ́lé pẹ̀lú ìyá rẹ̀?

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lórí ilẹ̀, kó, kó, kó. Màmá Zulema ti dìde. Kò wá sí ilé ìdáná, ọ̀nà báákónì ló kọjú sí. Wọ́n sáré tẹ̀ lé e kó má baà ṣubú. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò òdòdó àárín títí dé ọrùn ọwọ́, ó ń wá nǹkan nínú iyẹ̀pẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹyin nínú ìtẹ́ adìẹ. Ó fa ṣíbí kan jáde. Erùpẹ̀ dúdú bò ó.

Noemí mọ ohun tó ń wò lójú ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Ó rántí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ní Entre Ríos, tí ọ̀bẹ kan dúró ṣánṣán nínú ilẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́, ìyá ìyá rẹ̀ sì ń wí pé: "Ó ti ṣèèṣì kan wàrà. Fi í sílẹ̀, ilẹ̀ á fọ̀ ọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti mọ́." Rábì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ níbì kankan. Àwọn ìyá àgbà kò dá rábì lóhùn.

"Ti wàrà ni mo fi jẹ ẹran," Màmá Zulema wí. "Lọ́jọ́ kejì mo fi ti ẹran ro kọfí oníwàrà. Mo dúró sáàárín dúrọ́ọ̀ méjèèjì, Noemí, mi ò mọ èwo ni èwo mọ́. Ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré! Mo bá ní kí ilẹ̀ fọ̀ wọ́n fún mi. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ mẹ́ta bá pé, mi ò rántí ibi tí mo rì wọ́n sí. Mi ò tiẹ̀ rántí pé mo rì wọ́n, àfi tí èékánná mi bá dúdú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ọ kẹ̀? Ṣé kì í ṣe létí mi ni ọmọ oníwèé yìí ti ní tí mo bá ń gbàgbé nǹkan kí o wá fẹjọ́ mi sùn? Mo mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹni tó ń gbàgbé lọ."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Mo jẹ́ kó o pè é bẹ́ẹ̀. Ó rí mi, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wa ni, kó má sọ fún ẹnì kan. Kò sọ. Ojú ń tì mí, Noemí."

Eusebia ti di ìyá arúgbó náà mú lábíyá kó má baà wó. "Pupa ni mo fẹ́ so mọ́ ọrùn ti ẹran, Sẹnyóra," ó wí, "búlúù mọ́ ti wàrà. Kí Ìyá àgbà má baà máa ṣì wọ́n mú. Mo fẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ yín ná. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí."

Silvina bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Màmá Zulema. "Màmá, ẹ gbọ́. Dókítà á wá wò yín níbí, lórí àga yín. Mo fẹ́ mọ̀ kí n lè fi wákàtí kún iṣẹ́ Eusebia ni. Bí Eusebia bá ṣì fẹ́ dúró, kò sẹ́ni tó ń gbé yín lọ síbì kankan." Gbogbo wọn yíjú sí Eusebia.

"Mo ti bọ bàtà mi," Eusebia wí. "Sálúbàtà dà?"

Noemí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì, kì í ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́ gan-an." Lẹ́yìn náà ó lọ mú ọsàn Eusebia tó ṣì wà lórí tábìlì ìdáná, ó bó o, ó pín in, ó gbé ìdajì tó tóbi fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí Silvina ti lọ tí Màmá Zulema sì ń sùn, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, wọ́n tú ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ fọ́ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ náà wẹ́wẹ́. Ṣíbí mẹ́ta tún jáde níbẹ̀. Pẹ̀lú èyí tí màmá fà yọ, mẹ́rin ni. Wọn kò rí ìkarùn-ún. Wọ́n fọ gbogbo rẹ̀, wọ́n kó méje yòókù pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n jókòó sí tábìlì, Noemí ń gé òwú, Eusebia ń so ó mọ́ wọn lọ́rùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, Màmá Zulema jí. Ó fi irin rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró, ó wo Eusebia láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú tó fi wò ó jọ ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Noemí," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "ta ni obìnrin yìí? Ka ṣíbí mi kó tó jáde."

Ọwọ́ Eusebia dúró lórí òwú. Báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, bó ṣe wà láti òwúrọ̀.

Noemí fa àwọn ṣíbí náà sọ́dọ̀, ó ń kà wọ́n sókè, ó ń fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìkọkànlá, kò sí òmíràn mọ́ lórí tábìlì.

"Ó pé, Màámi," ó wí. "Méjìlá ni."

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó tún un kà. Kò wo báàgì náà. "Méjìlá," ó wí, ó sì gé òwú mìíràn fún Eusebia.